Ta Ló Ni Etí Òkun?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan tí kò le. Bí ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá bá jí lónìí, tí ó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ òun méjèèjì rìn ní etí òkun Nàìjíríà, láti Sẹ̀mẹ̀ tíí ṣe bodè àwa àti àwọn ará Kútọnu, títí dé Kàlàbá, ǹjẹ́ yóò dé ibẹ̀? Gbogbo etí òkun wa kò ju nǹkan bíi kìlómítà 850 lọ. Bí ó bá ń rin kìlómítà 20 lóòjọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó o. Àwọn baba wa tí wọ́n ń ṣòwò oníkẹ́ẹ́ta rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹrù ńlá sì wà lórí wọn.

Èmi ní tèmi, mo ní kò lè dé ibẹ̀. Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò ní gbé e. Kì í ṣe ẹnu odò ni yóò dá a dúró pẹ̀lú, nítorí odò kò ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá, ọkọ̀ wà, atukọ̀ sì wà. Ohun tí yóò dá a dúró ni géètì, wáyà ẹlẹ́gùn-ún, ìbọn, àti ọwọ́ tí a nà síta tí ń wí pé, "Ẹ mówó wá." Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá àwọn ọlọ́lá ìlú yìí fà nìyẹn, mi ò sì ní fi epo bọyọ̀ nínú rẹ̀. Etí òkun kì í ṣe àgbàlá ẹnìkan. Àwọn tí wọ́n sì ń ná owó tírílíọ̀nù lé e lórí, tí wọ́n ń pín in, tí wọ́n ń tà á, ẹ bá mi bi wọ́n: èwo nínú wọn ló ti fi ẹsẹ̀ rìn ín rí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Láti inú hẹlikọ́pítà ni àwọn aláṣẹ wa ti ń wo òkun. Láti òkè lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ a máa dára lójú: omi ń dán, iyanrìn funfun, igi àgbọn tò bí ọmọ ilé ìwé. Ènìyàn kò hàn láti òkè. Ilé tí òkun ti gbé ìdajì rẹ̀ lọ kò hàn. Òórùn epo rọ̀bì kì í gòkè dé inú hẹlikọ́pítà. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nìkan ni gbogbo èyí ń kàn.

Ọ̀NÀ TÍ ÀWỌN BABA WA TẸ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn. Mo ti rin apá ibẹ̀, ohun tí mo fojú rí ni mo sì ń sọ. Láti Sẹ̀mẹ̀ títí dé ibi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó, iyanrìn ni, iyanrìn náà ni. Òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún, igbó àgbọn àti ọ̀sà wà lọ́wọ́ òsì. Àwọn Ègùn wà níbẹ̀, àwọn Àwórì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn apẹja tí àwọn òbí wọn ti Gánà àti Tógò wá. Ẹ ó bá ogún ènìyàn tí wọ́n ń fa àwọ̀n kan ṣoṣo láti inú ìgbì, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, wọ́n ń fi orin fa á. Kò sí ẹni tó bi mí pé níbo ni mò ń lọ, bí kò ṣe láti fi omi lọ̀ mí.

Níbẹ̀ náà ni Gberefu wà, ní òdìkejì omi sí Àgbádárìgì, ibi tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ òyìnbó. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé etí òkun. Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, tí ó padà wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ọmọdé ni nígbà tí ogun kó o ní 1821. Láti ọwọ́ olówò kan sí ọwọ́ òmíràn ni ó fi dé Èkó, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní 1822, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lórí omi. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni kò rí ẹni gbà wọ́n sílẹ̀. Nítorí náà, bí ilẹ̀ kan bá wà ní Nàìjíríà tí a ti fi ẹsẹ̀ àti omijé san owó rẹ̀, etí òkun ni. Etí òkun yẹn náà ni wọ́n wá ń gba owó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wa lé lórí.

Àgbádárìgì yìí kan náà ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gúnlẹ̀ sí ní 1830. Nígbà náà, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ti jiyàn títí lórí ibi tí odò Ọya ń gbà wọ òkun. Àwọn kan ní inú aṣálẹ̀ ló ń gbẹ sí, àwọn kan ní ó dà pọ̀ mọ́ odò Kóńgò. Àwọn ọmọkùnrin méjì yìí gba orí ilẹ̀ dé Bùsà, wọ́n wọ ọkọ̀, odò sì gbé wọn títí ó fi gbé wọn já sí òkun lágbègbè Brass. Àríyànjiyàn parí. Mi ò yìn wọ́n nítorí pé wọ́n jẹ́ òyìnbó, nítorí àwọn ará Brass ti mọ ibẹ̀ kí a tó bí baba ńlá Lander. Ohun tí mo ń wí ni pé ọ̀rọ̀ tí a jókòó sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí kò yanjú, ẹni tó dìde lọ wò ó ló yanjú rẹ̀.

ÒGIRI ONÍKÒKÒ, ÒKUN JẸ ẸLÒMÍRÀN

Ní ẹnu ọ̀nà Èkó, a óò wọ ọkọ̀ kọjá. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀. Láàárín 1908 sí 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó òkúta wọ inú òkun, wọ́n fi mọ ògiri kí ọkọ̀ ńlá lè rí ọ̀nà wọlé. Iṣẹ́ tó wúlò ni. Láìsí i, Àpápá kì bá tí jẹ́ Àpápá. Ṣùgbọ́n iyanrìn etí òkun wa kì í dúró sójú kan. Ìgbì ń gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Nígbà tí ògiri dí i lọ́nà, ó kó jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Apá ìlà-oòrùn, èyí tíí ṣe Bar Beach, kò rí iyanrìn gbà mọ́. Òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ wọ inú ilẹ̀ ju kìlómítà kan lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba ń da iyanrìn síbẹ̀, tí òkun sì ń kó o lọ bí ẹni ń kó ẹ̀bà.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó, ẹ kò ní gbàgbé Bar Beach. Níbẹ̀ ni àwọn aládùúrà ti ń fi aṣọ funfun kúnlẹ̀ lóru. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ìgboro ti ń gun ẹṣin, tí olówó àti tálákà jọ ń jẹ sùyà lójú kan náà. Níbẹ̀ náà ni ìjọba ológun ti yìnbọn pa Oyenusi adigunjalè ní oṣù kẹsàn-án 1971, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì péjọ láti wò ó. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yìí o: nígbà tí ìjọba fẹ́ kí ará ìlú wá wo ikú, etí òkun jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ìgbà tí ó di pé kí ará ìlú wá gba atẹ́gùn, ó di ti ẹni tó lówó.

Ibi tí Bar Beach wà náà ni wọ́n ti ro ilẹ̀ Eko Atlantic jáde láti inú omi, tí wọ́n sì ń mọ ògiri tí wọ́n ṣètò pé yóò gùn tó kìlómítà mẹ́jọ àti àbọ̀ láti dènà ìgbì. Wọ́n ní yóò dáàbò bo Victoria Island. Mi ò bá wọn jiyàn. Ìbéèrè tèmi ni pé: ẹni tó wà ní ìlà-oòrùn ògiri ńkọ́? Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Okun Alfa ti ń ké pé òkun ń lé àwọn kúrò nílé. Ohun tí ògiri 1908 kọ́ wa kò fara sin: ẹni tó bá dáàbò bo ilé tirẹ̀ nìkan ní etí òkun, ilé aládùúgbò rẹ̀ ló fi ń bọ́ òkun. Okùn kan ṣoṣo ni etí òkun láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ibi tí a bá ti fà á níbí, ibòmíràn ni yóò ti ro ẹlòmíràn.

OWÓ ẸSẸ̀

Mo dé etí òkun kan ní agbègbè Lẹ́kkí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta jókòó sídìí géètì. Mo kí wọn, mo ní mi ò fẹ́ jókòó, mi ò ní ra nǹkan, mo kàn fẹ́ gba orí iyanrìn kọjá síwájú ni. Ọ̀kan nínú wọn wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ò bá ní sanwó, ẹ máa gba orí omi lọ." Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo sanwó. Mi ò rìn jìnnà tí mo tún fi bá géètì mìíràn. Mo fi ìwé owó ti àkọ́kọ́ hàn wọ́n. Wọ́n ní ìyẹn ò kan àwọn.

Àwọn kan yóò ní, "Ṣebí wọ́n ń gbá ibẹ̀ ni, ṣebí wọ́n ń gba ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀." Ó dára. Ẹni tó ń ta ọtí, kó gba owó ọtí. Ẹni tó ń yá àga, kó gba owó àga. Ẹni tó kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó gba owó rẹ̀. Owó ẹsẹ̀ ni kò yé mi. Àwọn onílẹ̀ yóò tún ní ilẹ̀ baba àwọn ni. Èmi kò ní kì í ṣe ilẹ̀ baba yín. Baba yín ló ni ibi tí àgbọn hù sí. Ṣùgbọ́n ibi tí ìgbì ń tẹ́ lówùúrọ̀, tí ó ń ká lálẹ́, baba ta ló gbìn ín? Àwọn baba yín gan-an kò sọ pé ti àwọn ni. Olókun ni wọ́n ní ó ni ín, wọ́n sì ń jẹ́ kí gbogbo ènìyàn wá bọ Olókun níbẹ̀.

Èyí tó burú jù ni pé tálákà nìkan ni wọ́n ń sọ fún pé etí òkun léwu. Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun wó Maroko. Àwọn ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ tó nǹkan bíi 300,000. Lára ohun tí wọ́n sọ ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, pé omi lè bò ó. Ẹ lọ wo ibẹ̀ lónìí. Ilé alájà lórí alájà ló wà níbẹ̀, mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tò síwájú wọn. Ṣé omi máa ń bẹ̀rù olówó ni? Àbí ilẹ̀ náà ga sí i nígbà tí tálákà kúrò lórí rẹ̀? Ní oṣù kìn-ín-ní 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé àwọn ará Tarkwa Bay kúrò nílé wọn. Wọ́n ní àwọn kan ń bẹ́ ọ̀pá epo níbẹ̀. Bí olè bá wà ní àdúgbò, ṣé olè ni à ń mú ni, àbí gbogbo àdúgbò ni à ń wó?

ÒKUN KÌ Í HÓ RURU

Ní oṣù kẹta 2024, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ńlá kan tí yóò gba etí òkun láti Èkó dé Kàlàbá, kìlómítà 700. Owó tí wọ́n dá lé e jẹ́ nǹkan bíi tírílíọ̀nù 15 náírà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lo wákàtí mẹ́fà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò ní bínú sí ọ̀nà, èmi náà kò bínú sí i. Mo fẹ́ ọ̀nà. Ìbínú mi ni bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Katakata ti ń wó ṣọ́ọ̀bù kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ ibi tí ọ̀nà ń gbà. Àwọn ará Okun-Ajah jáde, wọ́n ní ìlà tí a kọ́kọ́ fà kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé mọ́. Ìjọba dáhùn pé mítà 250 láti etí omi, ti ìjọba ni.

Ẹ gbọ́ o, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Lójú ẹni tó ni géètì, etí òkun jẹ́ tirẹ̀. Lójú onílẹ̀, ti ìdílé rẹ̀ ni. Lójú ìjọba, ti ìjọba ni. Nínú gbogbo àwọn tó ń jà sí i, kò sí ẹnì kan tó ní ó jẹ́ ti ẹni tó ń rìn níbẹ̀. Àwọn baba wa ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Àwa rí i tó ń hó, a sì kó katakata tọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí á máa rìn lọ. A ti kọjá èbúté tuntun ti Lẹ́kkí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, a kọjá ilé ìfọpo ńlá ti Dangote, a dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Níbẹ̀ ni Ayétòrò wà. Ní 1947 ni àwọn aládùúrà kan tí ayé ń fìyà jẹ nítorí ìgbàgbọ́ wọn kó ara wọn jọ sí etí òkun, tí wọ́n tẹ ìlú yìí dó. Wọ́n da owó pọ̀, wọ́n da iṣẹ́ pọ̀. Wọ́n kọ́ ilé pákó sórí òpó, wọ́n la ọ̀nà pákó, wọ́n kọ́ ilé ìwé, wọ́n ń kan ọkọ̀ fúnra wọn, wọ́n ń hun aṣọ. Kò sí ẹni tó ń sanwó géètì ní Ayétòrò nígbà náà. Àwọn àlejò láti òkè òkun ń wá wo bí àwọn ènìyàn dúdú tí kò ní olùrànlọ́wọ́ ṣe sọ ẹrẹ̀ di ìlú.

Lónìí, òkun ń jẹ Ayétòrò. Ó ti gbé ilé, ó ti gbé ilé ìwé, ó ti gbé itẹ́ òkú pàápàá. Ní 2004, àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ògiri tí yóò gba ìlú náà là jáde fún agbaṣẹ́ṣe. Ogún ọdún kọjá, ògiri kò sí níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn jáde ti tó ẹni tó ń dìbò, kò rí òkúta kan tó dá òkun dúró. Ìjọba tí kò rí ògiri mọ fún ìlú kan fún ogún ọdún ló wá ń sọ pé òun yóò la ọ̀nà kìlómítà 700. Ṣé kò yẹ ká bi wọ́n léèrè ni?

Kọjá Ayétòrò, iyanrìn á tán pátápátá. Ẹrẹ̀ ló kù, ẹrẹ̀ Máhìn, títí dé ẹnu odò Benin. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ á rì dé orúnkún. Ó wù mí kí ẹni tó fi rúlà fa ìlà ọ̀nà lórí tábìlì ní Àbújá wá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sínú ẹrẹ̀ yìí, kí ó tó sọ fún wa iye tí kìlómítà kan yóò jẹ.

IBI TÍ EPO WÀ

Lẹ́yìn ẹrẹ̀ ni ẹnu odò bẹ̀rẹ̀ sí í to ara wọn: Escravos, Forcados, Ramos, Dodo, Pennington, Nun, Brass, Sombreiro, Bonny, títí dé Ímò àti Kwa Iboe. Àwọn Potogí ló sọ Escravos lórúkọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹrú. Àwọn Ìtsẹkírì, Ìjọ́, Ìbìbíò àti àwọn ará ibẹ̀ yòókù mọ bí a ti ń ti ẹnu odò kan bọ́ sí èkejì. Ọkọ̀ fáíbà kan yóò gbé ọ kọjá. Ohun tí ọkọ̀ kò lè gbé ọ kọjá ni àgbàlá ilé-iṣẹ́ epo. Escravos ní tirẹ̀, Forcados ní tirẹ̀, Brass ní tirẹ̀, Bonny ní tirẹ̀. Ibi tí epo wà ni sọ́jà wà. Bí o bá fẹsẹ̀ dé ibẹ̀, wọn kò ní bi ọ́ pé ta ni ọ́. Wọn yóò bi ọ́ pé kí lo wá jí.

Ní oṣù karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ gun pèpéle epo Parabe láàárín òkun, wọ́n ní omi àwọn ti bàjẹ́, iṣẹ́ kò sí fún àwọn. Hẹlikọ́pítà ni wọ́n fi kó sọ́jà lọ bá wọn. Ènìyàn méjì kú. Ẹjọ́ náà dé kóòtù ní San Francisco, ní 2008 sì ni àwọn ìgbìmọ̀ ibẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ epo kò jẹ̀bi. Ẹ rí i pé láti ọ̀run ni aláṣẹ ti ń tọ ará etí òkun wá, yálà láti wò ó, tàbí láti yìnbọn fún un.

Ọdún 1998 yẹn kan náà, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìn-ín-ní, ọ̀pá epo tó ti Idoho wá fọ́ nínú òkun Akwa Ibom. Àgbá epo 40,000 dà sómi. Epo náà ń léfòó bọ̀, ó kọjá Bonny, ó kọjá Brass, ó kọjá Ìlàjẹ, títí ó fi dé òkun Èkó. Ta ló dá a dúró ní bodè ìpínlẹ̀? Géètì wo ló ti sanwó? Sọ́jà wo ló bi í pé níbo ló ń lọ? Ó mà ṣe o! Ní orílẹ̀-èdè yìí, epo tó dà nù ní òmìnira láti rin etí òkun wa já, ènìyàn ẹlẹ́ran ara kò ní in.

Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ pátápátá ni Bakassi wà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá 2002, àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Hague fi í fún Kamẹrúùnù. Lára ohun tí wọ́n gùn lé ni ìwé àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì jọ fọwọ́ sí ní 1913. Nàìjíríà kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní 2006, wọ́n sì gbé ibẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ tán ní 2008. Àwọn apẹja tó ń gbé ibẹ̀ kò fọwọ́ sí ìwé kankan ní 1913. Bí a ti ń pàdánù etí òkun nìyẹn: àwọn tí kò gbé ibẹ̀ rí jókòó ti máàpù, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ di ẹrù.

ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN ŃKỌ́?

Bóyá ẹnìkan yóò ní ohun tí mò ń béèrè kò ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ ká wo Bùràsíìlì. Láti 1988 ni òfin ibẹ̀ ti sọ pé etí òkun jẹ́ ohun ìlò gbogbo ará ìlú, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà tó lọ sí òkun. Ní Bàhíà, ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdọọdún, ogunlọ́gọ̀ ń kó òdòdó àti lọ́fínńdà lọ fún Yemọja ní etí òkun. Ta ni àwọn baba ńlá wọn? Àwọn tí wọ́n kó kúrò ní etí òkun tiwa yìí ni. Àwọn ọmọ ẹrú ń rìn fàlàlà ní etí òkun tí wọ́n kó baba wọn lọ. Àwa ọmọ onílé, à ń tò sídìí géètì.

Ẹ jẹ́ ká wo Wales, ilẹ̀ kékeré tí kò tó ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ ńlá wa. Ní 2012 ni wọ́n ṣí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó yí gbogbo etí òkun wọn ká, nǹkan bíi kìlómítà 1,400. Ẹni tó bá wù lè rìn ín. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ṣe òfin tiwọn ní 2009. Olówó wà lọ́hùn-ún, onílẹ̀ wà, ọmọ ogun ojú omi wà, èbúté wà. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀, ayé wọn kò sì bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ààbò ni wọn yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní ajínigbé wà, olè orí omi wà, àwọn tí ń jí epo wà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, níbo ni olè ti ń fẹ́ràn láti ṣiṣẹ́, ibi tí ènìyàn ń rìn ni, tàbí ibi tí ẹnikẹ́ni kì í dé? Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò bá tẹ̀, igbó ni yóò bò ó, ohun tó sì ń gbé inú igbó ni gbogbo wa mọ̀. Apẹja tó mọ̀ pé etí òkun jẹ́ tòun ni yóò kọ́kọ́ ké gbàjarè nígbà tó bá rí ọkọ̀ àjèjì. Ẹni tí a ti lé kúrò níbẹ̀ kò ní rí nǹkan kan.

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin kan tí yóò sọ pé láti ibi tí ìgbì ń dé, kí àyè kan wà fún ẹsẹ̀, láti Sẹ̀mẹ̀ títí dé Kàlàbá, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mọ ògiri dí, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbowó lé lórí. Ibi tí àgbàlá epo bá wà, kí wọ́n fi ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀. Ẹnu odò kọ̀ọ̀kan, kí atukọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ yóò máa san owó rẹ̀. Ògiri òkun, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mọ ọ́n mọ́ láìjẹ́ pé a ti kọ́kọ́ wo ohun tí yóò ṣe fún ẹni tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, kí a sì san owó gbà-máà-bínú fún un kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ayétòrò, kí wọ́n mọ ògiri tí wọ́n ti ṣèlérí fún wọn.

Èyí tó kẹ́yìn nìyí. Ẹ̀yin mínísítà, ẹ̀yin gómìnà tí ìpínlẹ̀ yín kan òkun, ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe tí ẹ ń fa ìlà lórí máàpù: ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ ká ṣòkòtò yín sókè, kí ẹ sì rin apá tó kàn yín já. Ẹ má kó oníròyìn dání, ẹ má kó mọ́tò ọlọ́pàá dání. Ẹ sùn nínú ahéré apẹja, kí ẹ gbọ́ bí òkun ṣe ń dún nísàlẹ̀ ilé lóru. Ẹ san owó ní géètì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá bá lọ́nà, kí ẹ mọ bí ó ti rí. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ wá jókòó, ẹ sọ fún wa iye tí ẹ fẹ́ ná, àti ẹni tí ẹ fẹ́ lé kúrò.

Bí ẹ bá sì ní ẹ kò lè rìn ín, a gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má tà á.